Ọmọ Ìyá Ni Camry, Highlander àti Lexus RX: Ibi Tí Wọ́n Ti Jọra àti Ibi Tí Wọn Ò Ti Jọra

Fi téèpù wọn Toyota Highlander ọdún 2005 láti àárín táyà iwájú dé àárín táyà ẹ̀yìn, mílímítà 2,715 ni. Bọ́ sí ìdí Lexus RX 330 ọdún kan náà, 2,715 ni òun náà. Camry tí à ń pè ní Big Daddy jẹ́ 2,720, Lexus ES 330 sì jẹ́ 2,720. Kì í ṣe èèṣì. Ọkọ̀ mẹ́rin tí orúkọ wọn yàtọ̀, tí owó wọn jìnnà síra, tí ẹni tó gun ọ̀kan tilẹ̀ lè máa fojú kéré ẹni tó gun èkejì, orí ìpìlẹ̀ kan náà ni ilé-iṣẹ́ Toyota mọ gbogbo wọn lé.

Ìdí nìyí tí àríyànjiyàn kì í fi í tán níbi tí wọ́n ti ń ta tòkunbọ̀. Ẹnìkan á ní, "Lexus wo? Camry tí wọ́n lẹ àmì mọ́ níwájú ni." Ẹlòmíràn á búra pé Lexus ò bá Toyota tan rárá. Ẹni kejì yìí ló jìnnà sí òtítọ́ jù, torí ní Japan, títí di ọdún 2005 tí Lexus ṣí ilé ìtajà níbẹ̀, Toyota Windom ni wọ́n ń pe ES, Toyota Harrier ni wọ́n sì ń pe RX. Ṣùgbọ́n ẹni àkọ́kọ́ náà ò tíì gbà á tán. "Ọkọ̀ kan náà ni" kò ní ìtumọ̀ kan pàtó àfi tí a bá kọ́kọ́ béèrè pé, kan náà ní ti kí ni? Ṣé ìpìlẹ̀ ni, àbí ẹ́ńjìnnì, àbí odidi ọkọ̀?

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni pé wọ́n rò pé ìpìlẹ̀ àti ẹ́ńjìnnì máa ń rìn pọ̀ ni. Àpẹẹrẹ tó dáa jù lójú tèmi ni Volkswagen Ìjàpá àti bọ́ọ̀sì Volkswagen tó di danfo ní Èkó. Ẹni tó bá dàgbà díẹ̀ á rántí pé ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì àwọn méjèèjì wà, pé kò ní rédíétọ̀, pé atẹ́gùn ló ń tù ú, pé ariwo kan náà ló sì ń pa. Ẹ́ńjìnnì Ìjàpá ni wọ́n gbé sínú bọ́ọ̀sì náà nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní Wolfsburg, ní Jámánì, lọ́dún 1950. Wọ́n fẹ́ lo ìsàlẹ̀ Ìjàpá pẹ̀lú. Wọ́n mú ilẹ̀ Ìjàpá, wọ́n gbé ara bọ́ọ̀sì kà á, wọ́n sì gbé e jáde lọ dán wò ní 1949. Kò gbà á. Ilẹ̀ tí wọ́n ṣe fún èèyàn mẹ́rin kò lè ru ẹrù tí bọ́ọ̀sì ń rù, ó ń tẹ̀. Ni wọ́n bá padà lọ fi irin gbọọrọ gbọọrọ tẹ́ ìsàlẹ̀ tuntun, wọ́n sì jó o mọ́ ara bọ́ọ̀sì náà. Ẹ́ńjìnnì bára mu, ìpìlẹ̀ ò bára mu.

Ìdàkejì rẹ̀ ni Lexus ES 330 àti Camry Big Daddy. Èyí tó pọ̀ jù nínú Camry yẹn nígboro wa jẹ́ onípúlọ́ọ̀gì mẹ́rin, lítà 2.4. ES 330 kò ní irú ẹ́ńjìnnì yẹn rí. V6, ìyẹn onípúlọ́ọ̀gì mẹ́fà, lítà 3.3 nìkan ni wọ́n ń gbé sí i. Ẹni tó bá gbọ́ pé "Camry náà ni," tó wá rà á pẹ̀lú èrò pé epo tí Camry ẹ̀gbọ́n òun ń mu ni yóò máa mu, ilé epo ni wọ́n á ti ṣàlàyé fún un pé púlọ́ọ̀gì méjì ló lé.

Kí wá ni ìpìlẹ̀ ọkọ̀, èyí tí àwọn onímọ̀-ẹ̀rọ ń pè ní platform? Kì í ṣe irin kan ṣoṣo tí èèyàn lè nawọ́ sí. Ilẹ̀ ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ wa ń tẹ̀ wà nínú rẹ̀, àti ògiri irin tó pààlà láàárín ẹ́ńjìnnì àti awakọ̀, àwọn apá tó so táyà mọ́ ara ọkọ̀ pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì wọn, ọ̀nà tí sìtíárìn gbà kọjá, ibi tí ẹ́ńjìnnì jókòó lé, ibi tí táńkì epo há sí, àti àwọn irin iwájú tí wọ́n ṣe kí wọ́n lè wó pọ̀ nígbà ìjàm̀bá kí ìkọlù má baà dé ọ̀dọ̀ èèyàn. Ẹni tó ń rajà kì í rí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn àfi tó bá wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ. Ohun tó ń rí ni bọ́nẹ́ẹ̀tì, iná, ilẹ̀kùn, ìjókòó àti àmì tó wà níwájú. Bí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ṣe ń pawó nìyẹn: ohun tí ojú ò rí ni wọ́n ń pín káàkiri, ohun tí ojú ń rí ni wọ́n ń yí padà.

Apá iwájú ló gbówó lórí jù nínú iṣẹ́ yìí. Ibẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì wà, ibẹ̀ ni táyà ti ń yí, ibẹ̀ ló kọ́kọ́ ń gba ìkọlù. Kí wọ́n tó tún un ṣe kó dára, wọ́n á fi ọdún mélòó kan ya àwòrán, wọ́n á fi ọ̀pọ̀ ọkọ̀ sọ ògiri láti wo bó ṣe ń wó. Tí iṣẹ́ ibẹ̀ bá ti yanjú, fífa ilẹ̀ ọkọ̀ gùn sẹ́yìn kò le mọ́. Sienna ọdún 2004 sí 2010 ni kó o fi wé Camry. Ọmọ ìyá ni wọ́n, síbẹ̀ àárín táyà Sienna jẹ́ mílímítà 3,030, ó fi 310 gùn ju ti Big Daddy lọ. Ẹ̀yìn awakọ̀ ni ìgùn yẹn bọ́ sí, níbi tí ìlà ìjókòó kẹta ti ráyè. Volkswagen sọ ti wọn di òfin ní 2012, nígbà tí wọ́n gbé ìpìlẹ̀ tí wọ́n ń pè ní MQB jáde. Nínú MQB, àárín táyà iwájú sí pẹ́dàlì tí awakọ̀ ń tẹ̀ kò gbọ́dọ̀ yí padà. Ìyókù, ẹ fà á gùn, ẹ fẹ̀ ẹ́, ẹ gbé e ga bó ṣe wù yín. Ìyẹn ni wọ́n fi ń ṣe Golf, Audi A3, Skoda Octavia, Passat, Tiguan, títí dé jíìpù onílà ìjókòó mẹ́ta tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà ní orúkọ Atlas.

Èrè tó wà níbẹ̀ kò ṣòro rí. Ẹ̀rọ tó ń tẹ irin kan lè máa tẹ ti ọkọ̀ márùn-ún. Ẹni tó ń ta ṣọ́ọ̀kì fún wọn á dín owó nítorí ọjà tó pọ̀. Iṣẹ́ ọkọ̀ méjì tó jẹ́ ọmọ ìyá lè wà nínú ọgbà kan. Láti 1988 ni wọ́n ti ń ṣe Camry ní Georgetown, ìpínlẹ̀ Kentucky. Nígbà tó di 2015, ọgbà yẹn náà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe Lexus ES 350.

Kí ni owó tí wọ́n fi lé ti Lexus wá ń ra? Kì í ṣe orúkọ lásán. Rọ́bà àti òwú tí wọ́n tẹ́ sábẹ́ ilẹ̀ àti sínú ilẹ̀kùn láti pa ariwo, awọ ìjókòó, igi inú dáṣíbọ́ọ̀dù, bí wọ́n ṣe rọ ṣọ́ọ̀kì kí kòtò má baà ta ni lẹ́gbẹ̀ẹ́: nǹkan tó ṣeé fọwọ́ kàn ni gbogbo ìyẹn, ẹni tó bá sì jókòó sínú ES lẹ́yìn Camry á mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó dé ìkóríta àkọ́kọ́. Irin ìta wọn náà kò pa pọ̀. Ilẹ̀kùn Camry kò lè wọ ara ES, iná RX kò lè wọ Highlander. Bóyá ìyàtọ̀ yẹn tó owó tí wọ́n ń bù lé e, àpò kálukú ló lè sọ. Èmi ò rò bẹ́ẹ̀ fún RX tó ti gun ọdún, torí àwọn nǹkan aláràmbarà inú rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ yọnu. RX 330 kan wà tí afẹ́fẹ́ ni wọ́n fi ṣe ṣọ́ọ̀kì rẹ̀. Tí afẹ́fẹ́ bá ti ń jò, Highlander tí kò ní i á di ohun tó ń wu èèyàn.

Àwọn kan ti fi ojúkòkòrò ba irú nǹkan báyìí jẹ́ rí. Lọ́dún 1981, General Motors mú Chevrolet Cavalier, ọkọ̀ olówó pọ́ọ́kú, wọ́n kan awọ sí ìjókòó rẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ ní Cadillac Cimarron. Ẹ́ńjìnnì onípúlọ́ọ̀gì mẹ́rin, lítà 1.8, ló wà nínú Cadillac! Àwọn ará Amẹ́ríkà wo iwájú rẹ̀, wọ́n wo ti Cavalier, wọ́n rí i pé ojú kan náà ni. Nígbà tó fi di 1988 wọ́n ti kógbá rẹ̀ wọlé, ó sì pẹ́ kí orúkọ Cadillac tó bọ́ nínú ẹ̀tẹ́ náà.

Ní ti ẹ́ńjìnnì, Toyota kì í fi ìdílé rẹ̀ pamọ́. Wọ́n kọ ọ́ sára irin ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀. Mú 2AZ-FE: AZ ni orúkọ ìdílé, 2 ni ipò rẹ̀ nínú ìdílé yẹn, F ń sọ irú orí tí ẹ́ńjìnnì náà ní, oníkámú méjì (kámú ni irin tó ń ṣí fáàfù) tí wọ́n ṣe fún ìṣọ́ epo lò, E sì ń sọ pé iná mànàmáná ló ń darí epo tó ń wọ inú rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì lítà 2.4 yìí ló wà nínú Camry láti 2002 dé 2009, ó wà nínú Highlander onípúlọ́ọ̀gì mẹ́rin, nínú RAV4, nínú Solara, nínú Scion tC. Èyí tó lágbára jù ú lọ láti ìdílé mìíràn, 2GR-FE, V6 lítà 3.5, rìn jìnnà jù ú. Ó wà nínú ES 350, RX 350, Avalon, Venza, àti Sienna láti ọdún 2007. Lotus, ilé-iṣẹ́ kékeré kan ní Norfolk ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣe ọkọ̀ eré ìje, ra 2GR-FE lọ́wọ́ Toyota, wọ́n gbé e sẹ́yìn awakọ̀ nínú Evora. Nítorí náà, Sienna tó ń kó èrò Ìbàdàn àti ọkọ̀ tí olówó ìlú London fi ń sáré lópin ọ̀sẹ̀ lè máa mí nípasẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró kan náà.

Ṣùgbọ́n ẹ má fi lẹ́tà ṣeré. Lexus IS 350 àti GS 350 àtijọ́ lo 2GR-FSE. S kan ṣoṣo ló lé, àmọ́ S yẹn túmọ̀ sí pé epo tún ń tú sínú ibi tí epo ti ń jó gan-an, kì í ṣe lẹ́nu ọ̀nà nìkan bíi ti èkejì, ẹ́ńjìnnì náà sì nà láti iwájú sẹ́yìn, torí táyà ẹ̀yìn ló ń wa. Kò lè wọ Camry. Bẹ́ẹ̀ náà ni 1GR-FE tó wà nínú 4Runner àti Prado: ìdílé GR ni, lítà 4.0 ni, kì í ṣe 2GR. Ẹni tó bá lọ sí Ládípọ̀ tó kàn béèrè "ẹ́ńjìnnì V6 Toyota" ti fi ara rẹ̀ lé ọlọ́jà lọ́wọ́.

Kódà tí lẹ́tà bá bára mu láti orí dé ìdí, ìyẹn ò ní kó jẹ́ yọ-èyí-fi-tọ̀hún-sí. Irin ẹ́ńjìnnì lè jẹ́ ọ̀kan náà, kí ìjókòó ẹ́ńjìnnì yàtọ̀, kí wáyà àti orí wáyà yàtọ̀, kí páìpù èéfín gba ibòmíràn, kí jíà Highlander tó ń wa táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní apá kan tí ti Camry kò ní. Brainbox tó ń darí rẹ̀ náà lè máa retí ohun tí ẹ́ńjìnnì tuntun yìí kò ní. Mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ á sọ fún ọ pé òun á yọ ara ẹ́ńjìnnì nìkan, òun á sì kó gbogbo ohun tó yí ti àtijọ́ ká padà sórí rẹ̀. Èyí tó bá ní "á kàn wọlé ni, wàhálà kankan ò sí," béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé ta ni rewáyà rẹ̀.

Ohun tí àwọn tó ń ta ọkọ̀ kì í sọ ni pé àrùn náà máa ń pín. Tí ẹ́ńjìnnì kan bá wọ ọkọ̀ mẹ́fà, tí àléébù kan bá wà nínú rẹ̀, ọkọ̀ mẹ́fà ló ń ṣàìsàn. 2AZ-FE ti àwọn ọdún 2006 sí 2009 ni ẹ wò. Písítìnnì àti ríìngì rẹ̀ ń jẹ́ kí ọ́ìlì sá wọ ibi tí epo ti ń jó, ọkọ̀ á máa jẹ ọ́ìlì láìsí pé ó ń jò sílẹ̀. Toyota gbà bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà, wọ́n fa àkókò àtúnṣe ọ̀fẹ́ gùn fún Camry 2007 sí 2009, Solara 2007 àti 2008, RAV4 2006 sí 2008, Scion tC 2007 sí 2009, àti Corolla pẹ̀lú Matrix onílítà 2.4 ti 2009. Ètò yẹn ti parí, ṣùgbọ́n àwọn ọkọ̀ náà ṣì wà nígboro wa, Camry tí à ń pè ní Muscle ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ẹni tó mọ ìdílé ẹ́ńjìnnì á mọ̀ pé ohun tí òun gbọ́ nípa Muscle kan RAV4 tí òun ń wò yìí náà. Ẹni tí kò mọ̀ á ní òun ti sá fún Camry tó ń jẹ ọ́ìlì, á sì lọ ra àbúrò rẹ̀.

Ti Volkswagen tilẹ̀ ju ìyẹn lọ. Ìdílé ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì kan tí wọ́n ń pè ní EA189 ni wọ́n fi ètò kọ̀ǹpútà tan àwọn tó ń yẹ èéfín wò. Nígbà tí àṣírí tú ní 2015, nǹkan bíi mílíọ̀nù 11 ọkọ̀ ló kàn káàkiri ayé, torí ó wà nínú Volkswagen, Audi, Skoda àti SEAT pọ̀. Kì í tilẹ̀ ṣe ẹ́ńjìnnì tàbí ìpìlẹ̀ nìkan ni. Ní oṣù kìíní ọdún 2010, Toyota pe nǹkan bíi mílíọ̀nù 2.3 ọkọ̀ padà ní Amẹ́ríkà nítorí pẹ́dàlì tí awakọ̀ ń tẹ̀ kí ọkọ̀ lè sáré. Irú mẹ́jọ ni àwọn ọkọ̀ náà, láti Corolla dé Tundra, pẹ́dàlì kan láti ọwọ́ ilé-iṣẹ́ kan ló sì kó gbogbo wọn sí yọ́ọ́yọ́.

Ọ̀nà kan wà tí èèyàn lè gbà mọ ohun tó bára mu láìgbẹ́kẹ̀lé ẹnu ọlọ́jà: nọ́ńbà páàtì. Nọ́ńbà mẹ́wàá ni ti Toyota, Lexus náà sì ń lò ó. Márùn-ún àkọ́kọ́ ń sọ ohun tí páàtì náà jẹ́. 04465 ni páàdì bíréèkì iwájú, 04466 ni ti ẹ̀yìn. Nínú márùn-ún tó kù, méjì àkọ́kọ́ sábà máa ń sọ ìdílé ọkọ̀ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe é: 33 fún Camry àti ES, 48 fún Highlander àti RX. Tí nọ́ńbà mẹ́wẹ̀ẹ̀wá bá bára mu, páàtì kan náà ni, kódà bí páálí kan bá kọ Lexus tí owó rẹ̀ sì ga ju ti èkejì. Tí nọ́ńbà kan bá yàtọ̀, má jẹ́ kí wọ́n fi "wọ́n jọra" mú ọ.

Ibi tí ìmọ̀ yìí ti wúlò jù lọ́dọ̀ wa ni ọ̀rọ̀ jíìpù, torí jíìpù ni gbogbo ọkọ̀ tó bá ga lẹ́nu wa. 4Runner 2003 sí 2009 jẹ́ ọmọ ìyá Prado àti Lexus GX 470. Orí ṣáàsì ni wọ́n wà, irin gbọọrọ méjì nísàlẹ̀ bíi ti ọkọ̀ akẹ́rù, kí wọ́n tó gbé ara ọkọ̀ kà á. Highlander ò ní ṣáàsì bẹ́ẹ̀. Camry tó ga ni. Tí oko rẹ bá wà níbi tí ọ̀dà ò dé, tí o sì ń ru iṣu àti sìmẹ́ńtì, 4Runner ni ọkọ̀ rẹ. Tí ilé, ibi iṣẹ́ àti ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí ni ìrìn-àjò rẹ, ṣáàsì yẹn á kàn máa bá ọ mu epo lásán ni, Highlander á sì rọ̀ ọ́ lẹ́yìn jù ú lọ. RAV4 tó jáde láàárín 2006 sí 2012 tún yàtọ̀ sí àwọn méjèèjì. Ẹ́ńjìnnì Camry wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìpìlẹ̀ rẹ̀ bá Corolla tan. Ìgbà tí Toyota tún gbogbo ìpìlẹ̀ wọn tò, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Prius ní 2015, ni RAV4 tó bọ́ sí ilé Camry: Camry 2018, RAV4 2019, Highlander 2020, Sienna 2021 àti Lexus RX 2023, orí ìpìlẹ̀ GA-K ni gbogbo wọn wà. Tí àwọn wọ̀nyí bá bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ bíi tòkunbọ̀, ìtàn ìbátan àtijọ́ tí mẹkáníìkì mọ̀ lórí ò ní bá wọn mu mọ́.

Ó ku ọkọ̀ kan tí mo fẹ́ràn láti máa dárúkọ fún ẹni tí owó rẹ̀ ò tó Corolla: Pontiac Vibe. General Motors ló ni orúkọ yẹn, ṣùgbọ́n Toyota Matrix ni ọmọ ìyá rẹ̀, Corolla sì ni ìpìlẹ̀ àwọn méjèèjì. Ní Fremont, California, ni wọ́n ti ń ṣe é, nínú ilé-iṣẹ́ NUMMI tí Toyota àti General Motors jọ dá sílẹ̀ ní 1984, èyí tó di ti Tesla lẹ́yìn tí wọ́n tì í ní 2010. Ẹ́ńjìnnì tó wà nínú èyí tó pọ̀ jù nínú Vibe ti 2003 sí 2008 ni 1ZZ-FE lítà 1.8, èyí tó wà nínú Corolla ìgbà náà gan-an. Òun náà wà lára ohun tí wàhálà pẹ́dàlì 2010 kàn, General Motors ló pe ti 2009 àti 2010 padà. Torí pé orúkọ Pontiac ti kú, owó rẹ̀ máa ń kéré sí ti Matrix, ẹni tó bá sì ń wá ohun ẹ́ńjìnnì, jíà tàbí ṣọ́ọ̀kì fún un, ìsọ̀ Corolla ló ń lọ. Iwájú rẹ̀ ni kó o yẹ̀ wò dáadáa kó o tó sanwó. Iná méjèèjì, bọ́ńpà àti bọ́nẹ́ẹ̀tì, ti Pontiac nìkan ni, ti Matrix kò lè wọ̀ ọ́, ilé-iṣẹ́ tó ni orúkọ náà kò sì ṣe Pontiac mọ́ láti 2010.